Bíìtì rọ́tà wo ni kí n rà láti fi fá ojú pátákó ìgé-ẹran tẹ́jú? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹ̀yin oníṣẹ́ igi Abẹ́òkúta

Pátákó ìgé-ẹran ti di ọjà gidi lọ́wọ́ àwa oníṣẹ́ igi Abẹ́òkúta. Àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ òde ń rà á, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ègé pákó tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì tí a máa ń fi dáná tẹ́lẹ̀ sì ń di owó. Lílẹ ègé pọ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ tán niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú pátákó náà á rí gbágungbàgun, ẹni tó bá sì gbé e sórí tábìlì á rí i tó ń mì. Rọ́tà, ẹ̀rọ iná tí a ń fi ọwọ́ dì mú láti fi gbẹ́ igi, ló ń yanjú èyí fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ńlá, ìbéèrè tí àwọn èèyàn sì ń bi mí jù ni irú bíìtì, ìyẹn abẹ tí a ń ki bọ ẹnu rẹ̀, tí wọ́n máa rà. Bí mo ṣe máa ń dá ọmọ iṣẹ́ lóhùn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Kí ló dé tí ẹ ń fi rọ́tà ṣe é? Ṣé ìfági ò tó ni?

Ìfági tó, bí iṣan igi bá sùn gbọọrọ lójú pákó, tí ọwọ́ yín sì ti mọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pátákó tí wọ́n ń béèrè báyìí ni a fi igi oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀, igi apá tó pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi afàrà tó mọ́lẹ̀. Iṣan wọn kò kọjú síbì kan náà. Bí ìfági ṣe ń mú ọ̀kan dán ni yóò máa fa èkejì ya. Àwọn mìíràn tún wà tí a to ègé wọn lóròó, tó jẹ́ pé orí igi ló kọjú sókè, bíi ti ìtì tí àwọn alápatà ń gé ẹran lé. Ìyẹn le fún ìfági gan-an. Ẹ má sì gbé irú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ pléènà ńlá ní sọ́míìlì, torí ẹ̀rọ náà lè gbá a mú, kó fọ́ ọ, kó sì jù ú padà lu ẹni tó tì í wọlé. Rọ́tà ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, ibi yòówù kí iṣan igi kọjú sí.

Ẹ sọ ọ́ fún mi ní ṣókí: kí ni kí n rà?

Bíìtì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí abẹ rẹ̀ jẹ́ kábáìdì (ohun tó le ju irin lásán lọ), tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín 1 íǹṣì sí 1 1/4 íǹṣì (mìlímítà 25 sí 32), tí abẹ náà kò ga ju 1/2 íǹṣì lọ, tí ọ̀pá rẹ̀ (ibi tó ń wọ ẹnu rọ́tà) sì jẹ́ 1/2 íǹṣì. Bí rọ́tà yín bá jẹ́ kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan dì mú, tí kì í gba ju ọ̀pá 1/4 íǹṣì lọ, ẹ má kọjá 3/4 íǹṣì (mìlímítà 19).

Lórí páálí rẹ̀, ẹ lè rí surfacing bit, spoilboard bit, bottom cleaning bit tàbí mortising bit. Gbogbo wọn ló lè ṣe é bí ìwọ̀n wọn bá bá rọ́tà yín mu. Mortising ni ó rọrùn jù láti rí, torí òun ni a fi ń gbẹ́ àyè ínjì lára ilẹ̀kùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀pá bíìtì tó bá rọ́tà mi mu?

Ẹ tú ẹnu rọ́tà, ìyẹn irin kékeré tó là sí wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ń fún mọ́ bíìtì nígbà tí ẹ bá ń dè é. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Rọ́tà tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń gba 1/4 tàbí 1/2 íǹṣì. Èyí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń gba mìlímítà 6, 8 tàbí 12. Nínú àwọn ti Ṣáínà tó kún ọjà, ẹ ó rí méjèèjì.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa. Mìlímítà 6.35 ni 1/4 íǹṣì, mìlímítà 12.7 sì ni 1/2 íǹṣì. Bí ẹ bá ki ọ̀pá mìlímítà 6 bọ ẹnu 1/4 íǹṣì, wẹ́rẹ́ ló máa wọlé, ẹ ó dè é, ẹ ó sì rò pé ó ti le. Àlàfo bíńtín yẹn tó láti jẹ́ kí bíìtì máa yọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ ó kàn rí i pé ibi tí ẹ ń fá ń jìn sí i láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkankan, bí ẹ kò bá sì tètè pa á, bíìtì lè já bọ́ lórí eré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá mìlímítà 12 nínú ẹnu 1/2 íǹṣì. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “ọ̀kan náà ni wọ́n,” ẹ má gbà fún un. Ẹ mú ẹnu rọ́tà yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ ki bíìtì bọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má fi tẹ́èpù tàbí páálí wé ọ̀pá kó lè fún, láéláé.

Nígbà tí ẹ bá ń ki bíìtì, ẹ tì í wọlé títí tó fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fà á padà bíi mìlímítà 2 tàbí 3 kí ẹ tó dè é. Ó kéré tán, mìlímítà 20 ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nínú ẹnu rọ́tà.

Ṣé bí bíìtì bá ṣe fẹ̀ tó náà ni iṣẹ́ máa yá tó?

Dé ibì kan ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ mú pátákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bí a bá ń fá a, a kì í lo gbogbo fífẹ̀ bíìtì lẹ́ẹ̀kan, a máa ń jẹ́ kí apá kan gun ibi tí a ti fá tẹ́lẹ̀, kó má baà ku ìlà sílẹ̀. Bíìtì mìlímítà 12 tó ń lọ ní mìlímítà 8, 8, máa kọjá lórí pátákó yẹn nígbà 38. Bíìtì mìlímítà 25 tó ń lọ ní 17, 17, máa kọjá nígbà 18. Ti 32 tó ń lọ ní 22, 22, jẹ́ ìgbà 14. Ti 50 tó ń lọ ní 35, 35, jẹ́ ìgbà 9.

Ẹ rí i pé láti 12 dé 25, ìgbà 20 lẹ jèrè. Láti 25 dé 50, ìgbà 9 péré ni, bẹ́ẹ̀ iye owó ti lọ sókè, ìwúwo ti pọ̀, ewu sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewu náà wà nínú eré etí bíìtì. Rọ́tà tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn káfíńtà wa ni irú Makita 3612 àti àwọn tí wọ́n fara wé e. Ó ń yí ní ìgbà 22,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní ibi tí a ti lè dín eré rẹ̀ kù. 3612C ló ní in, láti 9,000 dé 23,000. Ní 22,000, etí bíìtì mìlímítà 25 ń sá eré kìlómítà 104 ní wákàtí kan. Etí bíìtì mìlímítà 50 lórí rọ́tà yẹn kan náà ń sá 207. Kò sí ìdí kankan tí mo fi máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìka ọmọ iṣẹ́.

Nítorí náà, bí rọ́tà yín kò bá ní ìdín-eré-kù, ẹ dúró sí 1 íǹṣì. Bí ẹ bá fẹ́ 1 1/4, ẹ ka iye eré tó ga jù tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá bíìtì tàbí páálí rẹ̀. Tí kò bá tó ti rọ́tà yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí rọ́tà rẹ̀ ṣeé dín kù lè lo 1 1/2 tàbí 2 íǹṣì, ṣùgbọ́n kí ó fà á wálẹ̀ sí bíi 16,000 kó tó tan án. Bíìtì tí kò sí iye eré kankan lára rẹ̀, tó sì fẹ̀, ẹ má rà á.

Kí ni kí n máa wò lára bíìtì náà kí n tó sanwó?

Ẹ yí i sókè, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ yìí. Ègé kábáìdì méjì lẹ máa rí, àwọ̀ wọn ṣú díẹ̀ ju ti irin tó gbé wọn lọ. Ẹ wò ó bóyá etí kábáìdì yẹn yọ síta kọjá ara irin, bó tilẹ̀ jẹ́ tínrín báyìí, àti bóyá wọ́n pọ́n ọn níbẹ̀. Bí irin ìdí bíìtì bá bá kábáìdì dọ́gba, tàbí tó gùn jù ú, bíìtì ìgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ẹ bá fi í fá ojú pákó, yóò máa fi irin ha á ni, pákó á jó, òórùn á sì gba ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó kábáìdì mọ́ irin. Ojú ìjó náà gbọ́dọ̀ kún, láìsí ihò tàbí àlàfo dúdú. Ẹ fi èékánná wọ́ etí abẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: bó bá mú èékánná níbì kan, ó ti ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ wá yí ọ̀pá rẹ̀ gbirigbiri lórí gíláàsì àpótí ọjà wọn. Bí orí rẹ̀ bá ń jó sókè sódò, ọ̀pá náà ti wọ́.

Bíìtì tó ní bíárìn (irin roboto kékeré tó ń yí) ní ìdí kò wúlò níbí rárá, torí bíárìn ló máa kọ́kọ́ kan pákó. Èyí tí bíárìn rẹ̀ wà lókè, lára ọ̀pá, kò burú.

Igun bíìtì ńkọ́? Mo rí èyí tí igun rẹ̀ rí roboto.

Ìyẹn dára, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Bowl and tray bit ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, igun rẹ̀ nìkan ló rọ̀ wálẹ̀. Bí rọ́tà bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, igun mímú máa ń ku ìlà tí ọwọ́ á kàn. Igun roboto kì í jẹ́ kí ìlà náà mú. Ẹ má kàn lọ ra èyí tó rí roboto látòkè délẹ̀, tí wọ́n ń pè ní core box. Kòtò ni ìyẹn ń gbẹ́.

Abẹ méjì ni àbí mẹ́ta? Èyí tí wọ́n ń fi ìdè dè abẹ mọ́ ńkọ́?

Abẹ méjì tó. Mẹ́ta máa ń jẹ́ kí ojú dán díẹ̀ sí i, kò pọn dandan.

Èyí tí wọ́n fi ìdè kékeré dè abẹ mọ́ wọ́n lówó, ṣùgbọ́n abẹ onígun mẹ́rin ni, tó bá kú ní apá kan, ẹ ó tú u, ẹ ó yí i sí apá kejì. Ẹni tó ń ṣe pátákó tà lójoojúmọ́ máa jèrè rẹ̀. Kí ó ti dá a lójú pé òun máa rí abẹ mìíràn rà, kó sì máa yẹ àwọn ìdè náà wò ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ tan rọ́tà.

Mo ti ní àpótí bíìtì kékeré tí oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Ṣé n ò lè rí ọ̀kan lò níbẹ̀?

Ẹ lè rí i. Èyí tó gún tó sì fẹ̀ jù nínú wọn, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bí mo ṣe sọ. Ọ̀pá 1/4 íǹṣì ni àwọn àpótí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní, torí náà ẹ máa bù ú jẹ ní mìlímítà kan, kí ẹ sì ní sùúrù. Fún pátákó kan tàbí méjì, ó tó. Bó bá ti di òwò, ẹ ra èyí tó yẹ.

Ṣé igi tí mo bá lò kan bíìtì?

Ó kàn án gan-an, ibí sì ni owó máa ń bá omi lọ. Ìrókò dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni òkúta máa ń wà: ẹfun líle tó kó ara jọ sínú igi nígbà tó ṣì wà láàyè. Bíìtì tó bá gbá a á ṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ojú pákó fún àmì funfun, kí ẹ fi ṣóńṣó ìṣó gún un wò. Tíìkì ní yanrìn nínú ara rẹ̀ tí ojú kò lè rí, ó máa ń jẹ abẹ díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí àwọn méjèèjì yìí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ kábáìdì. Bíìtì irin HSS, tí kò ní kábáìdì, máa kú kí ẹ tó fá ojú kìíní tán.

Igi apá le, ó wúwo, ó sì ń pẹ́. Bíìtì tó mú á gé e mọ́ tónítóní, èyí tí kò mú á kàn máa jó o ni. Arère àti mèlínà rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n arère rọ̀ jù fún ọ̀bẹ. Ìdígbó lẹ́wà lójú, àmọ́ ó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń jáde bí omi bá kàn án. Ẹ má fi ṣe ibi tí èèyàn máa gé ẹja tútù àti ẹ̀fọ́ lé.

Mo ra bíìtì tó dára, síbẹ̀ pátákó mi ò tẹ́jú. Kí ló fà á?

Igi ìhà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bíìtì kàn ń gé ohun tó bá kàn ni. Igi méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, tí rọ́tà ń gùn lọ lórí wọn, ni yóò pinnu bí ojú ṣe máa rí. Bí wọ́n bá lọ́, pátákó á lọ́ gẹ́lẹ́ bíi tiwọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń wá igi méjì tó gbẹ, tó gún, tí gíga wọn dọ́gba, tó sì ga ju pátákó lọ díẹ̀. Màá dè wọ́n mọ́ tábìlì ní apá méjèèjì pátákó. Màá wá dá ọ̀pá tó gún kan bú àwọn méjèèjì lórí ní ìpẹ̀kun iwájú, màá sì fi òmíràn sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Màá bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi á fi bá ọ̀pá iwájú dọ́gba, màá pa ojú kan dé, màá wo ọ̀pá ẹ̀yìn láti orí ti iwájú. Bí orí méjèèjì bá bá ara wọn lọ láti òsì dé ọ̀tún, ó tẹ́. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ lápá kan tó sì rì lápá kejì, igi ìhà ti lọ́, màá fi páálí há abẹ́ ibi tó rì títí tí wọ́n á fi dọ́gba. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì sí bíìtì olówó ńlá tó lè rọ́pò rẹ̀.

Rọ́tà fúnra rẹ̀ á jókòó sórí púláíwúùdù tó nípọn bíi mìlímítà 18, tó gùn dé orí igi ìhà méjèèjì pẹ̀lú àlékún. Ẹ kan igi tó dúró mọ́ etí rẹ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, kó má baà tẹ̀ láàárín nítorí ìwúwo rọ́tà. Ihò tí bíìtì ń gbà jáde kí ó fẹ̀ ju bíìtì lọ, kí èérún lè rí ọ̀nà jáde.

Báwo ni mo ṣe máa dì pátákó mú? Tí mo bá fi kíláǹpù dè é, bíìtì máa gbá a.

Ẹ kan ègé pákó tẹ́ńbẹ́lẹ́ mọ́ tábìlì yí i ká, kí wọ́n kéré sí pátákó ní gíga, kí ẹ sì fi ègé tó rí ṣóńṣó há ẹ̀gbẹ́ kan kó fún. Bí pátákó bá ń mì, ẹ fi páálí tàbí ẹ̀là pákó há abẹ́ igun tó gbé sókè kí ẹ tó fá ojú kìíní. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn tí ẹ bá tú u. Ẹ má kan ìṣó sí pátákó fúnra rẹ̀ láti abẹ́. Ọ̀bẹ ẹnìkan máa bá a lọ́jọ́ kan.

Kí n bù ú jìn tó báwo, apá ibo sì ni kí n máa tì í sí?

Mìlímítà kan sí méjì lẹ́ẹ̀kan tó fún bíìtì 1 íǹṣì. Ìgbẹ̀yìn pátápátá, ẹ bù ú tó ìdajì mìlímítà péré, ojú á dán.

Tí a bá wò ó látòkè, bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀tún. Bí ẹ ṣe ń ti rọ́tà síwájú, kí pákó tí ẹ kò tíì fá wà lápá òsì yín. Bẹ́ẹ̀ ni bíìtì á máa ta ko ọwọ́ yín, ẹ ó sì lè ṣàkóso rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, ó máa ń fẹ́ sá lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fà á padà lórí ibi tí ẹ ti fá, kí ẹ tó sún un.

Etí pátákó mi ń fà ya, pàápàá èyí tí orí igi kọjú sókè.

Ibi tí bíìtì ti ń jáde ló ti ń fà ya, torí kò sí ohun tó ti iṣan igi lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ lẹ ègé pákó tí kò wúlò mọ́ gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ fá a pọ̀, kí ẹ wá fi ayùn gé e kúrò. Ẹni tí kò fẹ́ fi gọ́ọ̀mù ṣòfò lè kọ́kọ́ fá gbogbo etí wọnú bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, láti ìta sí inú, kó tó wá fá àárín. Ọ̀nà kìíní ló dá mi lójú jù. Bí etí bá sì ń fà ya láìka gbogbo èyí sí, bíìtì ti kú.

Iná NEPA ò dúró níbi tí mo wà. Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e?

Jẹnẹrétọ̀ “I pass my neighbour” kò lè gbé rọ́tà 1600 wáàtì. Ó lè gbé rọ́tà kékeré bíi 500 wáàtì, bí kò bá sí nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Ewu tí àwọn èèyàn kì í rò ni iná tó rẹlẹ̀: bí iná bá lọ sílẹ̀, rọ́tà á rọ̀, bíìtì á máa jẹ pákó láìgé e, mọ́tò á sì gbóná. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ gbé e sókè kúrò lórí igi. Rọ́tà tòkunbọ̀ ti Amẹ́ríkà ń lo iná 120 fóòtì (volts). Láìsí tiransifọ́mà tó tó ìwọ̀n rẹ̀, ẹ má ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa.

Ojú pákó ń jó, ó ń dúdú.

Ẹ ń rọra lọ jù, tàbí ẹ dúró lójú kan, tàbí oje igi ti lẹ̀ mọ́ abẹ. Ẹ yọ wáyà rọ́tà kúrò lára iná, ẹ yọ bíìtì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná tàbí kẹrosín-ìn fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ọ̀pọ̀ bíìtì tí wọ́n ń sọ nù pé ó ti kú, oje ló bò ó.

Àwọn ìlà tó kù lójú rẹ̀ ńkọ́?

Bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára, sáńpépà nọ́ńbà 80 máa mú un kúrò. Ẹ wá lọ sí 120, 180, 220. Ẹ fi omi díẹ̀ nù ún kí ìyẹ́ igi dìde, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún fi 220 pa á. Bí ìlà bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná ń kọ́ ọ, rọ́tà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí púláíwúùdù rẹ̀. Ẹ tún un dè.

Ìyá kan gbé pátákó wọn tó ti lọ́ wá fún mi. Ṣé mo lè fá a?

Ẹ lè fá a. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí iyọ̀, ata àti yanrìn kúrò nínú ojú ọ̀bẹ, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó nínú rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé, “Mà, á fúyẹ́ díẹ̀ o,” torí pátákó tó lọ́ ní mìlímítà 4 máa pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tó máa kù kò bá tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ó máa tún lọ́, ó sàn kí ẹ bá wọn ṣe tuntun.

Mo fá a tẹ́jú ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí òjò dé ó ti ń mì lórí tábìlì.

Igi ń sún kì nínú ọyẹ́, ó ń wú nígbà òjò. Pákó tútù láti sọ́míìlì tí ẹ kò tò sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa ló máa ń ṣe èyí jù. Ẹ máa bù ú jẹ bákan náà ní ojú méjèèjì. Bí ẹ bá fá a tán lónìí, ẹ gbé e dúró lóròó kí atẹ́gùn kàn án níwá lẹ́yìn, kí ẹ tó fá ti ìkẹyìn lọ́jọ́ mìíràn. Epo tí ẹ bá fi pa ojú òkè, ẹ fi pa ti ìsàlẹ̀ náà: liquid paraffin tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ni mo ń lò, mo sì máa ń yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí i. Òróró ẹ̀pà máa ń dìkan nínú igi.

Ààbò ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe é.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bíìtì. Pípa á ní bọ́tìnì nìkan kò tó. Kí ó wọ gíláàsì ojú, kí ó di etí, kí ó má wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Eruku tún ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń mú un lọ. Ti ìrókò máa ń mú kí ara yún èèyàn, kí àyà sì há. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á sílẹ̀ láti 1995 pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹ ra ìbomú gidi fún ọmọ náà, ẹ sì ṣe é níta bí àyè bá wà. Àkísà tí a so mọ́ imú kì í dá eruku kíkúnná dúró.

Ìgbà wo ni kí n pa bíìtì tì?

Bí kábáìdì bá ti ṣẹ́ níbi tí èékánná lè mọ̀, bí ọ̀pá bá ti ní ojú ibi tó yọ̀ nínú ẹnu rọ́tà, tàbí tó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́ tí ẹ sì ti dè é dáadáa. Èyí tó kàn kú lásán, ẹni tó ní òkúta dáyámọ́ńdì lè fi ojú tó tẹ́ lára abẹ pọ́n ọn, kí ó pọ́n méjèèjì dọ́gba.